Òṣùwọ̀n Ẹlẹ́pà ní Tamale

Àwọn obìnrin tí ó ń ṣòwò ẹ̀pà ní Tamale, olú-ìlú Ẹkùn Àríwá orílẹ̀-èdè Ghana, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn bí a ti ń ṣà á. Bí a bá da ẹ̀pà sílẹ̀ níwájú wọn, ọwọ́ wọn ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kí ojú tó bá a: èyí tí ó yọmọ dáadáa lọ sí apá kan, èyí tí ó hunjọ, èyí tí kòkòrò ti lu àti èyí tí èbu ti bò lọ sí apá kejì. Èyí tí ó dára ni wọn yóò wọ̀n fún oníbàárà. Àṣàkù náà kì í sì í ṣe ohun àdànù. Nígbà púpọ̀ òun ni ó ń di òróró, tí ohun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí òróró ti jáde yóò sì di kúlíkúlí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìran dé ìran, àwọn tí ó jẹ ẹ́ dàgbà kò sì kà á sí ewu.

Ewu wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ewu tí ojú ń rí. Lára àwọn èbu tí ó ń mú ẹ̀pà ni àwọn kan wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Aspergillus flavus àti Aspergillus parasiticus. Bí ọ̀dá bá mú ẹ̀pà lóko, tàbí tí wọ́n bá kó o pamọ́ nígbà tí kò tíì gbẹ dáadáa, àwọn èbu yìí a máa tu májèlé sínú ọmọ ẹ̀pà. Aflatoxin ni orúkọ májèlé náà. Láti inú orúkọ Aspergillus flavus ni wọ́n ti ṣẹ́ ẹ yọ. Ọdún 1960 ni ayé kọ́kọ́ fura sí i, nígbà tí àwọn ọmọ tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn olùwádìí sì tọpa ikú náà dé inú oúnjẹ wọn, èyí tí wọ́n po ẹ̀pà lílọ̀ láti ilẹ̀ Brazil mọ́. Bí ènìyàn bá ń jẹ májèlé yìí díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń bá jà. Ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ewu náà sì ń pọ̀ sí i gidigidi lára ẹni tí ó bá ti ní kòkòrò àrùn hepatitis B. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í pẹ́ kí ó tó pa ènìyàn. Ní ọdún 2004, ní ìlà-oòrùn Kenya, àgbàdo tí ó ní májèlé yìí nínú kó àìsàn bá ènìyàn 317. 125 nínú wọn kú.

Ìwọ̀n tí òfin gbà láyè kéré púpọ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò fẹ́ kí ó ju maikirogíráàmù 4 lọ nínú kílógíráàmù kan ẹ̀pà tí ènìyàn fẹ́ jẹ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà dé 20. Kí olùkọ́ tí kì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì lè fojú inú wò ó: bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni maikirogíráàmù. Mẹ́rin irú rẹ̀ péré nínú odidi kílò ẹ̀pà! Ojú kò lè rí i, ahọ́n kò lè tọ́ ọ wò, yíyan kò sì lè pa á tán. Ṣíṣà tí àwọn ẹlẹ́pà ń ṣà á ń dín in kù púpọ̀, nítorí pé àwọn ọmọ ẹ̀pà díẹ̀ tí ó bàjẹ́ ni ó sábà máa ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún òróró ẹ̀pà, ọ̀pọ̀ májèlé náà kì í bá òróró jáde. Inú ohun tí ó ṣẹ́kù ni ó ń dúró sí, ìyẹn ni pé inú kúlíkúlí, níbi tí àṣàkù ń lọ.

Ohun kan wà tí májèlé náà fi ń tú ara rẹ̀ fó: ó ń tàn. Irú iná kan wà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kọjá ohun tí ojú ènìyàn lè rí, irú èyí tí àwọn òǹtajà fi ń yẹ ayédèrú owó wò. Bí wọ́n bá tan irú iná bẹ́ẹ̀ sí aflatoxin nínú òkùnkùn, yóò tu ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí jáde. Ẹ̀yà B1 àti B2 ń tàn ní àwọ̀ aró, G1 àti G2 ń tàn ní àwọ̀ ewé. Orúkọ àwọ̀ méjèèjì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gé kúrú sínú orúkọ ẹ̀yà náà. Ìmọ́lẹ̀ tí ó jáde kì í ṣe èyí tí ó wọlé. Nǹkan náà gba ìmọ́lẹ̀, ó ná díẹ̀ nínú agbára rẹ̀, ó sì tu ìyókù jáde ní àwọ̀ mìíràn. George Stokes ni ó ṣàlàyé èyí ní ọdún 1852, tí ó sì yá orúkọ fún un láti ara òkúta kan tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí májèlé ti pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ ń pọ̀ tó, bí kò bá ti kọjá ààlà kan. Nítorí náà ẹ̀rọ tí ó bá lè ka ìmọ́lẹ̀ lè ka májèlé.

Iṣẹ́ yìí ni ọmọbìnrin Yorùbá kan ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní agbègbè Tamale nígbà tí ó di dandan fún un láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá-ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà náà kì í ṣe ẹni tí ó kàn fẹ́ gbọ́ ìròyìn ilé-ìwé. Ẹlẹ́pà ni, kúlíkúlí rẹ̀ sì ni ọmọ náà fẹ́ wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ àwọn Yorùbá ní Tamale gùn. Kí Ghana tó gba òmìnira ní ọdún 1957 ni àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ṣakí, Ọ̀ffà àti Ìlọrin ti rìn jìnnà nínú ọjà ìlú náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí àṣẹ náà sọ àwọn oníṣòwò Yorùbá ní àríwá Ghana dà, kí ó wá ìwé Jeremy Eades tí ó ń jẹ́ Strangers and Traders, tí ó jáde ní ọdún 1993. Ọmọdébìnrin ni ìyá àgbà yìí nígbà tí wọ́n kó o dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú baba rẹ̀ tí kò fojú rí rí. Nígbà tí ó tó ọdún mélòó kan, ó bá ọkọ rẹ̀ padà sí Tamale. Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ń sọ títí di òní. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sọ Dagbani ní àdúgbò, ó ń kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń fi Yorùbá kí ènìyàn, dáná, kí ó sì gbàdúrà. Ilé-ìwé ń kọ́ni ní Dagbani ní ìlú náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Yorùbá kò ní ju ilé lọ níbẹ̀. Yorùbá ọmọ náà tó fún ohun gbogbo tí ó wà nínú ilé. Yàrá ìwádìí ni kò tíì bá a wọ̀ rí.

Ó gbìyànjú fúnra rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ bí májèlé kúlíkúlí náà ti “ki” tó. Ìyá àgbà rò pé ìyẹ̀fun ẹ̀pà òun ni wọ́n ń bá wí pé ó ki jù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdí tí kì í fi í fi omi púpọ̀ pò ó. Nígbà náà ni ọmọ náà tẹ àǹtí rẹ̀ láago, ọmọ ìyá àgbà tí ó jẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ìwé girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni à ń pe fluorescence ní Yorùbá?”

“A ò tíì pè é ní nǹkan kan. Kí ló ń ṣe?”

“Báwo, mà?”

“Tó o bá wò ó, kí lo máa rí pé ó ń ṣe?”

Ìbéèrè tí olùkọ́ náà bi í yìí ni ìlànà tí Yorùbá fi ń sọ nǹkan tuntun lórúkọ. Ìṣe ni wọ́n wò kí wọ́n tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ìṣe náà ni wọ́n wò kí tẹlifíṣàn tó di amóhùnmáwòrán. Olùkọ́ náà kò sì lè ṣí ìwé kan kí ó mú ọ̀rọ̀ náà jáde. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìn-ín-ní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990, ti ran olùkọ́ púpọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n ṣe é fún. Ètò tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi sáyẹ́ǹsì kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko, ó sì yege. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó dúró sí. Láti ibẹ̀ dé ibi ẹ̀rọ tí ń ka ìmọ́lẹ̀, ọ̀nà náà ṣì jẹ́ igbó.

Àwọn méjèèjì jọ wá ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù. Dígí gba ìmọ́lẹ̀, ó sì dá a padà bí ó ti rí. “Dídán” ni ti dígí. Tanátaná ń tan iná ara rẹ̀, kò yá ti ẹnikẹ́ni. “Títàn” lásán ni tirẹ̀. Májèlé inú ẹ̀pà kò bá èyíkéyìí nínú wọn dọ́gba. Bí kò bá rí ìmọ́lẹ̀ gbà, kò ní ohun tí yóò fi tàn. Bí ó bá sì gbà á, kì í ṣe ohun tí ó gbà ni ó ń fún ni padà. “Ìgbàmọ́lẹ̀tàn” ni olùkọ́ náà fẹnu kò sí. Ní ti “kíki”, ó ní kí ọmọ náà fi í sílẹ̀ fún ẹ̀kọ. Ohun tí ó ki lè ṣàìní májèlé rárá, ohun tí ó ṣàn bí omi sì lè kún fún un. “Ìwọ̀n-inú” ni wọ́n lò: ìwọ̀n ohun kan nínú ohun mìíràn. Kò dùn létí tó ìgbàmọ́lẹ̀tàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí yóò lọ ronú kan omi inú ìyẹ̀fun.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ó le jù, nítorí pé kì í ṣe orúkọ nǹkan ni. Orúkọ ọgbọ́n kan ni. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, standard addition ni wọ́n ń pè é. Ọmọ náà ti túmọ̀ rẹ̀ sí “àfikún ìlànà”, nítorí pé ìwé atúmọ̀ èdè ní “ìlànà” ni standard. Ẹni tí ó bá gbọ́ àfikún ìlànà yóò rò pé ìjọba tún ti ṣe òfin mìíràn. Kò sí ọgbọ́n tí olùkọ́ náà lè dá sí i àfi kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ọmọ náà sì fi sùúrù ṣàlàyé fún un.

Láti mọ ìwọ̀n-inú májèlé, wọn yóò lọ kúlíkúlí náà kúnná, wọn yóò fi methanol àti omi fa májèlé jáde kúrò nínú rẹ̀, wọn yóò sì sẹ́ ẹ. Ọ̀nà tí ó yá jù lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n mú ojúlówó májèlé tí wọ́n ti mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí wọ́n fi sínú kẹ́míkà olómi tí ó mọ́ gaara, kí ẹ̀rọ ka ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fi ti kúlíkúlí wé e. Ká ní nínú olómi tí ó mọ́ yìí, maikirogíráàmù kọ̀ọ̀kan ń tan ìmọ́lẹ̀ 10 lójú ẹ̀rọ. Bí ti kúlíkúlí bá wá tan 30, ènìyàn yóò sọ pé 3 ni májèlé tí ó wà nínú kílò kan. Mẹ́ta kò tó mẹ́rin. Òfin gbà á láyè. Kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n kúlíkúlí kì í ṣe olómi tí ó mọ́ gaara. Òróró ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, atalẹ̀ wà nínú rẹ̀, ata àti iyọ̀ wà nínú rẹ̀, àwọ̀ pupa tí ó wà lára èèpo ọmọ ẹ̀pà pàápàá wà níbẹ̀. Bí wọ́n ti wù kí wọ́n sẹ́ ẹ tó, díẹ̀ nínú àwọn àjọwà yìí yóò bá májèlé náà wọ inú ìgò. Òmíràn nínú wọn yóò gbé ìmọ́lẹ̀ mì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ májèlé. Òmíràn yóò pa á níná lẹ́yìn tí ó ti gbà á tán, kí ó tó tàn. Ó lè jẹ́ pé láàárín irú àwọn àjọwà bẹ́ẹ̀, maikirogíráàmù tí ń tan 10 ní ibi tí ó mọ́ kò lè tan ju 6 lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, 30 kì í ṣe 3 mọ́. Márùn-ún ni. Ó ti kọjá ohun tí Yúróòpù gbà láyè, ẹni tí ó sọ pé 3 sì ti fi májèlé lé ọmọ ènìyàn lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí.

Báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀ pé 6 ni, nígbà tí wọn kò lè rí kúlíkúlí mìíràn tí àwọn àjọwà inú rẹ̀ bá tèyí mu rẹ́gí, tí kò sì ní májèlé? Ọgbọ́n náà wà nínú ìwé kan tí Hans Hohn kọ ní èdè Jámánì ní ọdún 1937, nípa irú ẹ̀rọ mìíràn tí ń lo iná mànàmáná. Wọn yóò pín omi kúlíkúlí náà dọ́gbadọ́gba sí ìgò mẹ́rin. Wọn kò ní fi nǹkan kan sí ti àkọ́kọ́. Wọn yóò fi ojúlówó májèlé kún èkejì dé ìwọ̀n 2, ẹ̀kẹta dé 4, ẹ̀kẹrin dé 6, wọn yóò sì fi olómi tí ó mọ́ mú ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé ojú ìlà kan náà. Ẹ̀rọ yóò wá kà wọ́n: 30, 42, 54, 66. Ohun tí a fi kún un nínú kúlíkúlí gan-an ni ó ń jẹ́rìí báyìí: méjì méjì tí ó wọlé ń mú 12 wá, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú 6. Pín 30 sí 6, ó di 5. Bí wọ́n bá ya á sórí ìwé, ìlà tí ó gba orí àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá ni wọn yóò fà sẹ́yìn títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi di òdo. Ibi tí ó bá kan ilẹ̀ ni ìdáhùn wà, márùn-ún lẹ́yìn òdo.

“Àfikún oníwọ̀n,” ni olùkọ́ náà wí. “Òun náà nìyẹn. Jẹ́ kí n bá Màmá sọ̀rọ̀.”

Ọmọ náà gbé fóònù sáàárín òun àti ìyá àgbà, ó sì tú ohùn rẹ̀ síta. Olùkọ́ náà kò dárúkọ ìmọ́lẹ̀ rárá ní àkọ́kọ́.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí wọ́n bá fẹ́ fi òṣùwọ̀n kan wọn ẹ̀pà yín, tí ẹ sì mọ̀ pé òṣùwọ̀n náà ń jẹ nínú ẹrù, báwo lẹ ṣe máa mọ iye tí ẹ̀pà yín jẹ́?”

“N ò ní jẹ́ kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.”

“Tí kò bá sí òmíràn ńkọ́, mà?”

Ìyá àgbà rò ó. “Màá gbé iyọ̀ kílò méjì tí mo ti wọ̀n nílé lé e lórí. Màá wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ sún dé.”

Ó ti dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọwọ́ òṣùwọ̀n bá wà lórí 30, tí iyọ̀ kílò méjì sì sún un dé 42, òṣùwọ̀n náà ń pe kílò kan ní 6. Bí ó ṣe ń jẹ nínú iyọ̀ ni ó ṣe ń jẹ nínú ẹ̀pà. Olùkọ́ náà wá fi ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ hàn án, nítorí pé òwe tí kò bá ibi kan mu lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Lọ́jà, òṣùwọ̀n ni ó ń rẹ́ni jẹ, ó sì lè rẹ́ iyọ̀ jẹ lọ́tọ̀. Nínú yàrá ìwádìí, kúlíkúlí náà gan-an ni ó ń sọ òṣùwọ̀n di èké; ìdí nìyẹn tí àfikún fi gbọ́dọ̀ wọ inú kúlíkúlí yẹn, tí kò gbọdọ̀ dá dúró.

Ibẹ̀ ni ohùn ìyá àgbà ti yí padà. “Ẹ dúró ná. Ẹ fẹ́ bu májèlé sínú kúlíkúlí mi, kí ẹ tó wá sọ pé májèlé wà níbẹ̀?”

Kò sí olùkọ́ tí ó lè sọ pé ìbéèrè náà kò bọ́gbọ́n mu. Obìnrin tí wọ́n ti fi ìwé kan lé kúrò ní ìlú rí kò ní fi òwò rẹ̀ lé ìwé mìíràn lọ́wọ́ ní ìrọ̀rùn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó dá a lóhùn, ní Yorùbá tí ó já geere ju èyí tí ó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ lọ: “Màmá àgbà, ìgò kan wà tí a ò ní fi nǹkan kan sí. Tiyín nìyẹn. Èyí tí a fi kún àwọn yòókù, a mọ iye ẹ̀. Bí ẹ ṣe mọ iye iyọ̀ yín tẹ́ ẹ fi máa yọ ọ́ kúrò, bẹ́ẹ̀ la ṣe máa yọ tiwa.” Ìyá àgbà ní ó dáa, kí wọ́n máa bọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, olùkọ́ náà gbé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wọ kíláàsì ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó lè mọ̀ bóyá wọn yóò dúró lẹ́nu ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa kúlíkúlí Tamale. Ó ra omi tọ́níìkì onígò, èyí tí ó ní kuiníìnì nínú, ó yá iná tí wọ́n fi ń yẹ owó wò, ó sì ní kí wọ́n ti fèrèsé. Kuiníìnì ń gba ìmọ́lẹ̀ tàn, omi inú ife náà sì tàn ní àwọ̀ aró débi pé àwọn kan pariwo. Ó bu iyọ̀ sí i, ó rò ó. Ìmọ́lẹ̀ náà rẹ̀yìn. Ó béèrè bóyá kuiníìnì inú rẹ̀ ti dín kù. Àríyànjiyàn náà gba gbogbo àkókò ẹ̀kọ́ náà. Àwọn kan ní iyọ̀ ti jẹ ẹ́. Àwọn kan ní kò sí ibi tí ó gbà jáde nínú ife, nítorí náà ó ṣì wà níbẹ̀, iyọ̀ ni ó ń pa á níná. Àwọn ìkejì ni wọ́n gba òótọ́ sọ, Yorùbá ni wọ́n sì fi jà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí ẹni tí ó yà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ṣíṣe èyí kò náni ju owó omi onígò kan lọ, olùkọ́ èdè èyíkéyìí tí ó bá rí iná yíyẹ owó yá sì lè dán an wò.

Kí ó tó fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní kúlíkúlí, ìyá àgbà tún ní kí wọ́n pe olùkọ́ náà. Ó ti sun ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yẹn, ó sì ti jí sí i.

“Ká ní ọwọ́ òṣùwọ̀n yẹn ti wà lórí mẹ́sàn-án kí wọ́n tó gbé ẹ̀pà mi lé e ńkọ́? Iyọ̀ tí mo gbé lé e kò ní fi ìyẹn hàn mí.”

Olùkọ́ náà kò ní ìdáhùn. Ọmọ-ọmọ náà ní in, nítorí pé ìkìlọ̀ yìí gan-an ni ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe nípa ọ̀nà náà, ó sì yà á lẹ́nu pé ẹni tí kò kà á ni ó tọ́ka sí i. Àfikún oníwọ̀n ń wo àjọwà tí ó ń pa iná sàn. Kò rí ti àjọwà tí ó ń tan iná ara rẹ̀ ṣe. Atalẹ̀ àti ata lè ní àwọn èròjà tí ń gba ìmọ́lẹ̀ tàn gẹ́gẹ́ bí májèlé. Bí 9 nínú 30 yẹn bá jẹ́ tiwọn, méjì tí wọ́n fi kún un yóò ṣì máa mú 12 wá bí ó ti ń mú un wá, kò sí ohun tí yóò ta ẹnikẹ́ni lólobó. Ṣùgbọ́n 21 péré ni yóò jẹ́ ti májèlé. Pín in sí 6, ó di 3.5, kúlíkúlí tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́bi sì di èyí tí òfin gbà láyè. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ì bá ṣe ẹni tí ń jẹ ẹ́ ní ibi. Èyí yóò ṣe ẹni tí ń tà á.

Ọ̀nà méjì ni ó sọ fún ìyá àgbà pé wọ́n fi ń ṣọ́ra fún un. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ tí ń mú kí àwọn èròjà inú omi náà gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, tí olúkúlùkù wọn yóò sì yọ ní àkókò tirẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀kan má ba à dà pọ̀ mọ́ ti èkejì. Èkejì ni kí wọ́n ṣe kúlíkúlí òfìfo: kí wọ́n mú ẹ̀pà tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí kò ní májèlé, kí wọ́n po atalẹ̀, ata àti iyọ̀ ìyá àgbà mọ́ ọn bí òun náà ti ń pò ó, kí wọ́n sì wo ibi tí ọwọ́ ẹ̀rọ yóò dúró sí nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀.

“Mélòó ni atalẹ̀ tẹ́ ẹ máa ń fi sí i, mà?” ni ọmọ náà béèrè.

Ìyá àgbà kò wọn atalẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ó ti ń ṣe kúlíkúlí. Ẹ̀kúnwọ́ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta sínú ọ̀rá, ó bu ata àti iyọ̀ sínú ọ̀rá mìíràn, ó ní kí ọmọ náà lọ wọ̀n wọ́n fúnra rẹ̀ kí ó sì kọ iye wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di kúlíkúlí sí ọ̀nà méjì. Ẹ̀pà tí ó yọmọ dáadáa ni ó fi ṣe ọ̀kan, ó sì fi àṣàkù ṣe èkejì. Òwú pupa ni ó so mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ní kí ọmọ náà má ṣe sọ ohun tí òwú náà dúró fún fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí yóò ka ẹ̀rọ náà. Òun náà kò sì ní sọ ọ́ fún ọmọ náà títí ìwé èsì yóò fi dé.